Ohun tí kọfí, kòkó àti irú ń ṣe nínú ìkòkò chili

Ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó bá da ẹ̀wà sínú chili ti dá awuyewuye sílẹ̀. Lọ́dún 1977 ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ kéde ọbẹ̀ ẹran màlúù àti ata gbígbẹ yìí, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ chili con carne, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje chili kò tilẹ̀ gbà kí ẹ̀wà wọ ìkòkò chili pupa ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń díje. Ṣùgbọ́n nínú ilé, níbi tí adájọ́ kankan kò sí, ohun tí àwọn èèyàn ń jù sínú ọbẹ̀ náà lè ya àlejò lẹ́nu: kọfí, ṣokoléètì dúdú, bíà, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀, soy sauce, sínámọ́nì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti là á yé wa.

Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni ata fúnra rẹ̀. Bí ata bá ta wá lẹ́nu, a máa ń rò pé ahọ́n ló tọ́ ọ wò. Rárá o. Èròjà capsaicin tó wà nínú ata máa ń kan ohun kan lára iṣan wa tí wọ́n ń pè ní TRPV1, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ké sí ọpọlọ nígbà tí ohun gbígbóná bá fẹ́ jó wa. Ọpọlọ gbà pé iná ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ló ṣàwárí èyí lọ́dún 1997, ó sì wà lára iṣẹ́ tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Ata ń ta, ó sì ní òórùn dáadáa, àmọ́ títa rẹ̀ kò sí lára ohun márùn-ún tí ahọ́n mọ̀: adùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò, àti adùn omi ẹran tí àwọn ará Japan ń pè ní umami. Alásè lè kó ata rẹpẹtẹ sínú ìkòkò kí ọbẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ síbẹ̀. Àlàfo yẹn ni àwọn èròjà àjèjì wọ̀nyí wá dí.

Umami ni mo kà sí pàtàkì jù. Lọ́dún 1908, Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míkà ní Tokyo, rí i pé glutamate ló mú omi ewéko òkun kombu dùn. Lọ́dún 1913, Shintaro Kodama, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, rí inosinate nínú ẹja gbígbẹ. Ní àwọn ọdún 1950, Akira Kuninaka wá fi hàn pé bí irú èròjà ti Kodama bá pàdé glutamate lórí ahọ́n, adùn tó ń jáde ju àpapọ̀ àwọn méjèèjì lọ fíìfíì. Ẹran màlúù ní inosinate lára. Ohun tó ń wá ni glutamate, ìdí nìyẹn tí ṣíbí soy sauce kan, tàbí ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ méjì tó ti yọ́ sínú epo, fi lè sọ ìkòkò chili di ọ̀tun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ òórùn ẹja nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú báyìí. Èso igi igbá ni a ń sè, tí a ń bó, tí a ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi rà. Láàárín àkókò yẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí, Bacillus subtilis ní pàtàkì, ń fọ́ purótéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, glutamate sì wà lára ohun tó ń jáde. Obìnrin tó fi irú àti ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti so glutamate pọ̀ mọ́ inosinate, ohun kan náà tí àwọn ará Japan ń fi kombu àti ẹja gbígbẹ ṣe. Àwọn ìyá wa kò dúró de ilé ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ó sì ń mú orí mi wú. Nítorí náà, Yorùbá tó ń gbé ní Houston, tó ń se chili fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò ní láti wá ohun àjèjì kankan lọ. Irú pẹ̀tẹ̀ ló dára jù níbẹ̀, torí pé ó ń yọ́ ju irú wooro lọ. Kó dín in pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà nínú epo kí ẹran tó wọlé, kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ṣíbí kékeré kan tó fún ẹran kílò kan.

Kíkorò ni iṣẹ́ kọfí àti kòkó. Tòmátì àti àlùbọ́sà tó pẹ́ lórí iná máa ń dùn bíi ṣúgà, ọ̀rá ẹran sì máa ń bo ẹnu. Kíkorò díẹ̀ ló ń gé méjèèjì. Yíyan tí a yan kọfí àti kòkó tún fún wọn ní òórùn tó bá ti ẹran tó ti pọ́n nínú ìkòkò tan. Ata àti kòkó kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá, àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ sì ti ń po ata mọ́ kòkó mu kí ẹnikẹ́ni láti Yúróòpù tó débẹ̀. Títí dòní, ṣokoléètì wà nínú ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń pè ní mole nílùú Puebla ní Mẹ́síkò. Lọ́dọ̀ tiwa, ataare àti iyèré ló ń ta wá lẹ́nu kí àwọn Pọtogí tó gbé ata òkèèrè dé etíkun wa. Kòkó tí a fi owó rẹ̀ kọ́ Ilé Kòkó n'Ìbàdàn sì dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹ̀fun kòkó tí kò ní ṣúgà ni kí ẹ lò, ṣíbí kékeré kan tàbí méjì. Èyí tí wọ́n ti po ṣúgà àti mílíìkì mọ́ fún àwọn ọmọdé láti mu láàárọ̀ yóò ba ọbẹ̀ jẹ́. Ti kọfí, ife kan tí kò ní ṣúgà lè rọ́pò díẹ̀ nínú omi.

Sínámọ́nì ní ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí chili ṣe jáde kúrò ní Texas. Láti nǹkan bí ọdún 1880 ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Chili Queens, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, ti ń ta chili lálẹ́ ní gbàgede ìlú San Antonio. Àwọn ló sọ ọbẹ̀ náà di olókìkí, títí ó fi dé ibi àpéwò àgbáyé ní Chicago lọ́dún 1893. Ó dùn mí pé òfin ìmọ́tótó ló lé wọn kúrò lójú pópó nígbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ bíi William Gebhardt, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata lílọ̀ fún chili ní àwọn ọdún 1890, ń jèrè rẹ̀. Lọ́dún 1922, Tom àti John Kiradjieff, ọmọ ìyá méjì láti Masidóníà, bẹ̀rẹ̀ sí í se tiwọn nílùú Cincinnati. Wọ́n fi èròjà ilé wọn sí i, sínámọ́nì àti kànáfùrù, wọ́n sì ń dà á sórí sìpàgẹ́tì. Àwọn ará Texas kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lójú tèmi, ohun tí àlejò máa ń ṣe nílé ìdáná níbi gbogbo ni wọ́n ṣe, ó sì dùn.

Bíà ń gbé òórùn jáde, torí pé àwọn èròjà òórùn kan wà tó ń yọ́ sínú ọtí ju inú omi lọ. Kí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí mọ̀ pé ọtí inú rẹ̀ kì í gbẹ tán pátápátá lórí iná. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, tí a bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ pa ẹran lílọ̀ lára fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó dín in, yóò jẹ́ kí omi dúró nínú ẹran, kí ó sì tètè pọ́n. Ìdílé kan náà lòun àti káún tí a fi ń se ẹ̀wà. Bó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ á máa rùn bí ọṣẹ.

Soy sauce, ẹja oníyọ̀, irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí àti àwọn kúùbù ọbẹ̀ ló ní iyọ̀ nínú. Ẹni tó bá lo ọ̀kan kó dín iyọ̀ kù, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé. Mi ò sì gbà pé kí èèyàn kó gbogbo wọn sínú ìkòkò kan. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ẹ mọ ohun tó kù, kí ẹ fi ọ̀kan sí i. Bó bá ta jù, omi kò lè gbà yín, torí pé capsaicin kì í yọ́ sínú omi. Wàrà tàbí yógọ́ọ̀tì ló ń fà á kúrò lára iṣan. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má bàa bá ooru lọ.