Ṣé o mọ̀? Yìnyín ṣì lè pọ̀ nígbà tí ibi síkì bá tilẹ̀kùn

Èèyàn lè rò pé ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán ni àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì, ìyẹn eré fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ bọ̀ láti orí òkè, máa ń kógbá sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń tì nínú oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín ṣì bo òkè. Àwọn oníbàárà ló ti lọ! Bí ooru bá ti ń mú nílùú, ọkàn wọn á ti wà lára kẹ̀kẹ́ gígùn àti bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ owó iná ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè àti owó òṣìṣẹ́ kò dúró de ẹnì kankan. Ta ni yóò máa ná irú owó yẹn nítorí èèyàn mẹ́wàá? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kéde ọjọ́ tí wọn yóò tì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Mammoth Mountain ní California yàtọ̀ o. Yìnyín tó já lulẹ̀ níbẹ̀ kọjá àfẹnusọ, wọ́n sì ṣe síkì títí di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ní Hintertux, lórílẹ̀-èdè Austria, yìnyín àtayébáyé tó wà lórí òkè ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é yípo ọdún.

Bí o bá ń gbèrò àtilọ, wo ọjọ́ ìtìpa kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.