Ìbéèrè Lẹ́nu Ọmọdé: Sẹ́mínà àti Àríyá ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìṣirò

Ìfáárà
Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, tí ó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó sì ti di yunifásítì báyìí. Ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ìpéjọ mẹ́ta ló wọ́pọ̀: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ń ṣe, sẹ́mínà ìwádìí, àti ọ̀sẹ̀ àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, àti ìdí tí sẹ́mínà fi nílò àríyá.

Ìyàtọ̀ Láàrin Wọn
Ayẹyẹ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Gíwá yunifásítì yóò wà níbẹ̀, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò péjú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, àtẹ́wọ́ ló kàn. Àṣà kò fàyè gba ìbéèrè. Ti sẹ́mínà kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni olùwádìí ti ń fi iṣẹ́ tí kò tíì parí han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú pátákó. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè ohunkóhun, sẹ́mínà náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Agbára Ìbéèrè
Àpẹẹrẹ kan tó jẹ yọ láti inú ohun tí Leonhard Euler kọ ní ọdún 1772 yóò là á yé wa. Mú nọ́ńbà kan, fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, fi nọ́ńbà náà kún un, kí o sì fi 41 kún àpapọ̀ rẹ̀. Bí a bá mú 1, a ó rí 43. 2 yóò fún wa ní 47. 3 yóò fún wa ní 53. Kò sí èyí tí a lè pín láìṣẹ́kù àfi fún 1 àti fún òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí dé 39. Olùsọ̀rọ̀ lè rò pé òun ti rí òfin tí kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan lẹ́yìn bá ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, 40 ńkọ́?" èsì rẹ̀ ni 1,681, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. Òfin ti wó. Ipò ẹni tó sọ ọ́ kò lè gbà á là.

Ọ̀wọ̀ Àgbà àti Ipa Àríyá
Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáradára kì í já àgbà nírọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí àṣìṣe, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ará ilé fojú fò, olùdánwò tó ti yunifásítì mìíràn wá lè rí i lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì di àtúnṣe.

Ibí ni àríyá ti wúlò. Nígbà tí ìpápánu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá ń lọ káàkiri lẹ́yìn sẹ́mínà, Gẹ̀ẹ́sì a fàyè sílẹ̀ fún Yorùbá, ìbéèrè tó há sí ọ̀fun a sì jáde. Ọmọ tó bá olùkọ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú, nínú ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò ní gbọ̀n láti bi í ní ìbéèrè ní ọjọ́ Ẹtì.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nídìí ayò, ọ̀ta lè pe ẹni tó jù ú lọ ní òpè, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú. Eré ló fún un láyè.

Ìkádìí
Ó hàn gbangba pé àríyá kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Ó yẹ kí alága sẹ́mínà máa kọ́kọ́ pe àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré jù láti béèrè, kí àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.