Àbá níí di òótọ́: Bí wọ́n ṣe dán an wò kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ti gbọ́njú ní ọdún 1987, ẹ ó rántí ìyọnu tí ibà pọ́njú kó bá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún náà. Ara aláìsàn á gbóná, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n, àwọn mìíràn a sì máa bì èébì dúdú kí wọ́n tó kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àìsàn náà tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbàkígbà tó bá ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni àwọn elétò ìlera máa ń sọ: ẹ da omi tó dúró nù, ẹ bo ìkòkò omi yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri.

Ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi ni pé, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ta ló rí ẹ̀fọn níbi tó ti ń gbé àrùn sí èèyàn lára? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan kú nítorí kí wọ́n lè rí ìdáhùn sí i, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní Èkó níbí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbá níí di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọ́n á wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á bi ara wọn ní ìdí rẹ̀, wọ́n á sì dá àbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ibi tí àbá náà ti lè já sí irọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á sì ti dán an wò. Bó bá yege, wọ́n á fàyè gbà á. Bí kò bá yege, wọ́n á jù ú nù, ẹni yòówù kó dá a.

Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣe àpẹẹrẹ. Bí àgbẹ̀ kan bá da ajílẹ̀ tuntun sí gbogbo oko rẹ̀, tí àgbàdo sì yọmọ dáadáa, ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é ni àbí òjò ọdún náà? Kò lè mọ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ á pín ilẹ̀ kan náà sí méjì, á gbin irú àgbàdo kan náà lọ́jọ́ kan náà, á fi ajílẹ̀ sí apá kan, á sì fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó lè yé e. Irú ohun tí wọ́n ṣe lórí ibà pọ́njú nìyí, ní orílẹ̀-èdè Cuba.

Ilé méjì ní Cuba

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé aṣọ àti ibùsùn aláìsàn ló ń kó ibà pọ́njú ran ẹlòmíràn. Ní ọdún 1881, Carlos Finlay, dókítà ọmọ Cuba, dá àbá tirẹ̀ ní ìlú Havana. Ó ní ẹ̀fọn ni. Ó jẹ́ kí ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jẹ àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n inú ìlú tí àrùn ti ń jà ni àwọn yẹn ń gbé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, ta ló lè búra pé ẹ̀fọn Finlay ló fà á? Fún nǹkan bí ogún ọdún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ní ọdún 1900, Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ oníṣègùn mẹ́rin lọ sí Cuba, Walter Reed sì ni olórí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, James Carroll, jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ó tó gbádùn. Ẹ̀fọn jẹ Jesse Lazear náà, òun kò yè é. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, ọdún náà. Síbẹ̀, Reed mọ̀ pé ikú ọ̀rẹ́ òun kò tíì tó ẹ̀rí, nítorí pé àárín àrùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè ti kó o níbòmíràn.

Wọ́n wá kọ́ ilé kékeré méjì sí pápá gbangba lẹ́yìn ìlú. Wọ́n dí ilé kìíní kí ẹ̀fọn má lè wọlé, wọ́n sì kó aṣọ àti ìbora tí àwọn aláìsàn ti bì sí, tí wọ́n ti ṣu sí, kún inú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta sùn níbẹ̀ fún ogún òru pẹ̀lú gbogbo òórùn yẹn. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn tún wọlé. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ní ibà pọ́njú.

Ilé kejì mọ́ tónítóní. Wọ́n fi wáyà nẹ́ẹ̀tì pín in sí méjì, afẹ́fẹ́ kan náà ló sì ń fẹ́ sí ìhà méjèèjì. Ìhà kan ni wọ́n tú ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Moran yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó wọ ìhà náà, ẹ̀fọn sì jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1900, ibà pọ́njú dá a wó, ṣùgbọ́n ó yè é. Nǹkan kan kò ṣe àwọn méjì tó wà ní ìhà kejì nẹ́ẹ̀tì.

Ó ṣì ku ibì kan tí irọ́ lè sá pamọ́ sí. Bóyá àwọn tó sùn nínú ilé ìdọ̀tí jẹ́ ẹni tí ibà náà kì í mú? Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ àwọn kan nínú wọn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí àwọn mìíràn lára, àìsàn sì mú wọn. Ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn ní Havana ní ọdún 1901, kí ọdún náà tó parí ni ibà pọ́njú ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.

Àbá tó já ní Yaba

Wọ́n ti mọ ẹni tó ń gbé àrùn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ohun tó ń gbé. Ní ọdún 1919, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njú. Òkìkí rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n fi kòkòrò yìí ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń gún un fún àwọn èèyàn.

Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó. Àwọn tó wà níbẹ̀ wá kòkòrò Noguchi lára àwọn aláìsàn títí, wọn kò rí i. Nítorí pé àwọn ẹranko ilẹ̀ wa tí wọ́n fi dán an wò kò ṣàìsàn, wọ́n kó ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan, Asibi, tí ibà pọ́njú mú ní Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ọ̀bọ kan lára. Asibi gbádùn, ọ̀bọ kú.

Wọ́n yẹ àwọn ọ̀bọ tó ṣàìsàn wò, wọn kò bá kòkòrò Noguchi níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kéré jù ú lọ púpọ̀, fáírọ́ọ̀sì ni. Kòkòrò tí Noguchi rí jẹ́ ti àìsàn mìíràn tó fara jọ ibà pọ́njú, tí eku máa ń tàn kálẹ̀.

Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ Yaba yìí, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ibà pọ́njú pa á sí ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, 1928. Òkìkí rẹ̀ kò lè gba àbá rẹ̀ là.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi di àjẹsára

Max Theiler, ọmọ bíbí South Africa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York mú fáírọ́ọ̀sì tó ti ara Asibi wá, wọ́n ń sìn ín nínú ẹran ara ọmọ inú ẹyin adìyẹ léraléra títí agbára rẹ̀ fi rọ. Ní ọdún 1937, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ wa lóṣù mẹ́sàn-án lónìí, láti ara Asibi ló ti ṣẹ̀.

Ìdánwò kò sì dúró. Ní ọdún 1942, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àrùn ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yìí. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé omi ara ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n fi ń pò ó, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà náà mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tún abẹ́rẹ́ yìí gbà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀rí ti fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé, òfin ìrìn-àjò sì tẹ̀lé e ní ọdún 2016. Àwọn kan á ní wọ́n tún ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀rí tuntun ló dé.

Ohun tí a lè rí mú níbẹ̀

Di òní olónìí, kò sí oògùn kan pàtó tó ń wo ibà pọ́njú. Síbẹ̀, Asibi gbádùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá mú. Ká ní ẹnìkan ti fún Asibi ní àgbo tàbí oògùn oyìnbó lọ́jọ́ náà ni, àgbo tàbí oògùn yẹn là bá máa yìn títí dòní. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń polówó oògùn fún wa nínú ọkọ̀, lọ́jà tàbí lórí rédíò, tó ní lágbájá lò ó ó sì gbádùn, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè: àwọn mélòó ló lò ó? Àwọn tí kò lò ó ńkọ́, kí ló ṣe wọ́n? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ gbà pé kò ṣiṣẹ́?

Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn, àbá ló ṣì ń dá. Kí ó lọ dán an wò ná. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká bo ìkòkò omi wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti dán ìyẹn wò.