Fáànù ń kùn, ẹ kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́: ta ló ń lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín?

Ẹ kò wo fídíò, ẹ kò ṣe géèmù. Ìwé kan ṣoṣo lẹ ṣí síwájú, ẹ sì ń ro gbólóhùn tí ẹ máa kọ tẹ̀ lé èyí tí ẹ ti kọ. Ṣàdédé ni fáànù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbo oyin. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jó yín nítan, bátìrì tó yẹ kó gbé yín dé ìrọ̀lẹ́ sì ti ń gbẹ bí omi inú agbè tó lu. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yín, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an.

Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ la lè pe irú èyí: ètò tí kì í yọjú sí gbangba, tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni, tó kàn ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn, a kì í sì í mọ̀ pé wọ́n wà àfi ọjọ́ tí ọ̀kan bá jẹ ju ìpín tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí. Lórí Mac, Activity Monitor ni. Lórí Linux, top ni, tàbí htop, tí Hisham Muhammad, ọmọ ilẹ̀ Brazil, kọ́kọ́ gbé jáde ní 2004. Orúkọ tó bá wà lókè pátápátá ni wọ́n máa ń gbá mú. Wọ́n á tẹ End Task, ariwo fáànù á rọlẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí orúkọ yẹn fi máa padà wá. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. A ń lé ẹni tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ láìtíì béèrè ohun tó ń ṣe àti ẹni tó rán an.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà pàápàá ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ó pín sí core mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, core kọ̀ọ̀kan sì lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Gbogbo core lápapọ̀ ni Windows ń kà sí 100. Nítorí náà, bí ètò kan bá ń yí lójú kan bí ẹni tó sọnù sínú igbó, tó sì gba odidi core kan nínú mẹ́rin, 25 péré lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí core bá jẹ́ mẹ́jọ, kò ní ju 12 tàbí 13 lọ. Kì í ṣe bí Mac àti top ṣe ń kà á nìyẹn: core kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà sí 100, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí 380 níbẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Èmi máa ń bẹ̀rù 25 tó dúró gbagidi fún wákàtí kan ju 80 tó fò sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó sì wálẹ̀. Èyí tó ń lọ sókè sọ̀ kalẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Èyí tó dúró sójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti há.

Kí n tó gbàgbé, bí ẹ bá rí System Idle Process lórí Windows tí wọ́n kọ 95 síwájú rẹ̀, ẹ má fòyà. Àyè tí ẹnikẹ́ni kò lò ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn kà. Ọpọlọ náà ló jókòó tó ń retí iṣẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan wà tó yẹ ká fi sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò sórí ẹ̀rọ, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tàbí macOS tuntun sí i, ètò tó ń to orúkọ fáìlì kí ẹ lè tètè rí wọn lọ́jọ́ iwájú máa ní láti ka gbogbo wọn. SearchIndexer ni ti Windows, mds_stores ni ti Mac. MsMpEng, tó ń yẹ fáìlì wò nítorí fáírọ́ọ̀sì lórí Windows, máa ń ṣe bákan náà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà náà síná di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá parí, ọ̀rọ̀ parí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí fáànù ṣì ń kùn, ìgbà yẹn ni ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo gbà pé kò sí èyí tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ú lọ. Ìparí ọdún 2013 ni. Windows XP, tí Microsoft gbé jáde ní 2001, ṣì wà lórí àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù díẹ̀ ló kù kí ilé iṣẹ́ náà dẹ́kun títọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Àwọn tó ń lò ó rí i pé gbàrà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, orúkọ kan tó ń jẹ́ svchost.exe á gba gbogbo ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í fún ìṣẹ́jú gbọọrọ, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, kí wọ́n tó lè ṣí lẹ́tà kan ṣoṣo kọ.

Kí ni svchost? Ẹ fojú inú wo ilé ńlá kan tí ayálégbé pọ̀ sí. Ẹni kan níbẹ̀ ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn ń bójú tó ohùn, ẹlòmíràn ń wá àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Task Manager ti XP kò mọ orúkọ ayálégbé kankan, orúkọ ilé nìkan ló mọ̀. Tí ariwo bá ti yàrá kan jáde, gbogbo ilé ló máa jẹ́bi. Ẹni tó bá sì wó ilé náà palẹ̀ nítorí ariwo yóò sọ àwọn aláìṣẹ̀ di aláìnílé: íntánẹ́ẹ̀tì á lọ, ohùn á dákẹ́. Ayálégbé tó ń pariwo ní 2013 ni Windows Update, ẹni tó ń wá àtúnṣe.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Internet Explorer, tí àwọn ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, máa ń ya lóríṣiríṣi, Microsoft a sì máa fi àbùlẹ̀ dí i. Àbùlẹ̀ tuntun a máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti àtijọ́ kò kúrò nínú ìwé. Tí Windows Update bá fẹ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kan nílò, ó ní láti tọ àbùlẹ̀ wọ̀nyí sẹ́yìn: èyí rọ́pò ìyẹn, ìyẹn rọ́pò òmíràn, títí dé ìdí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ètò yẹn ló ní àbùkù. Àbùlẹ̀ kan tó bá fi lé e, iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ìlọ́po méjì kò dún bí ohun tó lè pa ẹ̀rọ, àfi fún ẹni tó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ló wà lórí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì lè dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè. Ẹyọ kan mú ọ̀nà méjì wá, ẹyọ méjì mú mẹ́rin wá, mẹ́ta mú mẹ́jọ wá. Nígbà tí a bá fi ka ẹyọ kẹjọ, ó ti di 256, iye odù tí babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ká ní ẹnì kan so ẹyọ kẹsàn-án mọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀, iye náà kò ní jẹ́ 257. 512 ni. Ẹyọ ogún á sọ ọ́ di 1,048,576. Ẹyọ ogójì á gbé e kọjá tírílíọ̀nù kan.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àbùlẹ̀ kò tíì pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìwádìí náà ń gbà. Kò sí ẹni tó yí ètò náà padà, kọ̀ǹpútà náà kò sì yàtọ̀ sí ti àná. Ìwé ló fi ìlà kan gùn sí i, ẹrù orí alágbàrù di méjì, ó tún fi ìlà kan gùn sí i, ẹrù di mẹ́rin. Àwọn tó ń lo XP ń sọ pé ẹ̀rọ wọn ti darúgbó, àwọn kan sì pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Asán ni, nítorí ìwé gígùn yẹn kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ Microsoft ló wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà yọ orúkọ àwọn àbùlẹ̀ Internet Explorer àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ kúrò nínú ìwé, ara sì tu kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó ń dùn mí nínú ìtàn náà ni ẹni tó fi ìbínú pa Windows Update pátápátá tí kò sì tàn án mọ́. Àbùlẹ̀ ló ń mú aṣọ tọ́jọ́, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kò gba àbùlẹ̀ mọ́ nítorí ariwo fáànù ti ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ fún ẹni tí kò pè.

Ó kéré tán, ilé àwọn ayálégbé ti yàtọ̀ báyìí. Láti 2017, lórí Windows 10 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1703, kọ̀ǹpútà tí iye RAM rẹ̀ bá ju 3.5 GB lọ máa ń fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ayálégbé wọ̀nyẹn ní ilé tirẹ̀. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ svchost nínú Task Manager, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó wà nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba Process Explorer, tí Mark Russinovich kọ, tó sì ti di ti Microsoft láti 2006.

Lórí Mac, ọ̀rọ̀ lè yí padà pátápátá. Ẹ lè rí kernel_task tó gba ohun tó ju 400 lọ, kò sì ní gbà kí ẹ pa òun. Apple fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ara iṣẹ́ kernel_task ni kó máa fi àyè ọpọlọ du àwọn ètò mìíràn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbóná jù. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí èrò ya wọlé ni. Ooru ni kí ẹ wá lọ. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ gbé e sí tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi dí? Ṣé eruku ọyẹ́ ti kún inú fáànù? Àwọn kan tó ń lo MacBook Pro tó ní ihò lápá méjèèjì rí i pé nígbà tí wọ́n yọ wáyà iná kúrò lápá òsì tí wọ́n sì fi í sí apá ọ̀tún, kernel_task rọlẹ̀.

Olè náà wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lóòótọ́ o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ètò kan tó ń jẹ́ Coinhive jáde. Ẹni tó bá fi sí ìkànnì rẹ̀ lè máa fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà àwọn àlejò rẹ̀ wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Monero. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2018, àwọn ọ̀daràn fi í pamọ́ sínú Browsealoud, irinṣẹ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún àwọn tí ìwé kíkà nira fún. Ìkànnì tó lé ní 4,000 ló ràn, títí kan ti ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú. Coinhive kógbá sílé ní oṣù kẹta ọdún 2019, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò tán. Ẹ tẹ Shift àti Esc nínú Chrome lórí Windows, ẹ ó rí ohun tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bí ẹ bá pa ojú ewé kan tí fáànù sì dákẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó ń ṣe é.

Olè mìíràn a máa jẹ́ orúkọ ọmọlúwàbí. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì lórí svchost tó ń kọ yín lóminú, kí ẹ yan Open file location. Inú System32 tàbí SysWOW64 ni ojúlówó ń gbé. Èyí tó bá ń gbé inú fódà Downloads, tàbí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní scvhost, ẹ jẹ́ kí ètò tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sú yín tí ẹ kò tíì rí i mú, ìṣirò ọ̀pẹ̀lẹ̀ yẹn náà ló máa gbà yín, bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò. Ká ní ètò 32 ló ń dìde fúnra wọn nígbàkigbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ pa ìdajì, 16, nínú abala Startup ti Task Manager, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tan. Bí fáànù bá dákẹ́, inú 16 tí ẹ pa ni arúfin wà. Bí kò bá dákẹ́, inú 16 tó kù ni. Ẹ pín wọn sí 8, sí 4, sí 2. Ìgbà márùn-ún péré lẹ máa tan ẹ̀rọ kó tó ku ẹyọ kan. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ 64, ìgbà kan ṣoṣo ló fi máa lé. Ẹ dá gbogbo àwọn yòókù padà sípò wọn, kí ẹ tan ẹyọ kan yẹn nìkan lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tẹ́tí sí fáànù.