Ṣé O Mọ̀? Àwọn Arúgbó Tó Ń Sanwó Kí Wọ́n Tó Ṣiṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà láyé tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ń sanwó? Tọkọtaya Mọ́mọ́nì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣe é: wọ́n á fi owó ara wọn jẹun, wọ́n á fi gbé ilé, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ ìjọ nílẹ̀ òkèèrè fún oṣù 6, 12, 18 tàbí 23 láìgba kọ́bọ̀. Àwa ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì tiwa kọ́kọ́ ní láti jáde ná.

Orúkọ tí ayé ń pè wọ́n kúrú, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn rèé: Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Bí o bá pè é tán láìmí, mo gbà fún ọ.

Ọmọ ọdún 18 pẹ̀lú bàbá ẹni 70 ọdún, oyè kan náà ni wọ́n ń jẹ́! Báàjì dúdú kékeré ló wà láyà àwọn méjèèjì, "Elder" ló sì ṣáájú orúkọ bàbá wọn níbẹ̀. Ta ni kó wá dọ̀bálẹ̀ fún ta?

Ìwọ tí ìyá rẹ ń pè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, gbọ́ èyí: títí di oṣù kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Mọ́mọ́nì lè bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lọ́jọ́ Kérésìmesì àti lọ́jọ́ Ìyá. Òfin náà ò mú àwọn arúgbó ní tiwọn. Ìgbàkígbà tó bá wu ọmọ-ọmọ ló lè pè.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ìlànà ní kí ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì ti jí. Wọn ò fi ìyẹn dọdẹ arúgbó, arúgbó wo ló sì tún ń sùn di aago mẹ́fà ààbọ̀?

Kò sí kí ẹnikẹ́ni máa dá rìn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, méjì-méjì ni. Ti arúgbó ló wá dùn jù: aya rẹ̀ gan-an ni ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà bí ìjà bá dé láàárọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Má sì rò pé ìwàásù ojú títì nìkan ni wọ́n ń ṣe o. Ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé lè máa tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tí ibà dá wó, akọ̀wé owó á máa ka ìwé owó, ẹlòmíràn á sì máa tọ́jú kànga tí ìjọ gbẹ́ fún abúlé.

Kò sí tíì, kò sí kọfí, kò sí sìgá, kò sí ọtí! Láti ọdún 1833 ni òfin náà ti wà, kò sì yọ ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n dúró ná, ará Ìdànrè, èyí kàn ọ́! Kòkó ò sí nínú èèwọ̀ náà rárá: igi tó kọ́ ilé bàbá rẹ, tó rán ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí yunifásítì, èso rẹ̀ ni Mọ́mọ́nì lè pò sómi gbígbóná kó sì mu ún láàárọ̀ láìbẹ̀rù. Nítorí náà bí àlejò bá ní òun kì í mu tíì, tó wá na ọwọ́ gba Máílò, má bá a jà.

Wáìnì ò sí níbi oúnjẹ Olúwa wọn. Búrẹ́dì àti omi lásán, omi tí ò ní àwọ̀, tí ò dùn tí ò kan.

Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á fo oúnjẹ méjì. Owó tí wọn ì bá fi jẹ méjèèjì ni wọ́n ń kó fún aláìní, nítorí náà ẹni tó ń jẹun púpọ̀ nílé, ọrẹ rẹ̀ yẹ kó pọ̀!

Ìgbá owó kì í yí ká! Inú àpòòwé ni ìdámẹ́wàá ń gbà dé ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù náà kì í sì í gbowó oṣù. Ó lè jẹ́ tíṣà, ó sì lè jẹ́ mẹkáníìkì tó tún mọ́tò rẹ ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀.

Wákàtí méjì péré ni gbogbo ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi wọn láti ọdún 2019, mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Ìwọ tí ìkéde nìkan ń gba ìdajì ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, máa wò mí níran.

Ó ṣẹlẹ̀ rí pé ọmọ ò dá bàbá rẹ̀ mọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí! Lọ́dún 1843, Addison Pratt fi Louisa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́rin sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Tubuai láàárín Òkun Pàsífíìkì; nígbà tó fi padà lọ́dún 1848, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó bí àlejò.

Kí ni Louisa wá ṣe? Obìnrin tó ti fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà kó ọmọ mẹ́rin la aginjù kọjá láìsí ọkọ, ó ní òun ò jókòó sílé mọ́. Lọ́dún 1850, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, òun náà di òjíṣẹ́ ìhìnrere, ó sì kó tọmọtọmọ tọ ọkọ rẹ̀ lọ sí erékùṣù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé, torí pé ti Nàìjíríà ló yà mí lẹ́nu jù. Ìjọ ti wà kí oníwàásù tó dé! Láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn tó rí ìwé Mọ́mọ́nì kà ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì jókòó wọ́n ń retí ẹni tó máa wá ṣe ìrìbọmi fún wọn.

Lọ́dún 1961, ìjọ rán LaMar Williams wá wò ó bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ èrò ló pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n físà ni ò jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ta ló dí físà náà lọ́wọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní California ni! Ó gbọ́ pé ìjọ náà kì í fi adúláwọ̀ joyè àlùfáà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní oṣù kẹta ọdún 1963, ilẹ̀kùn sì tì gbọn-in. Mo fún un ní máàkì rẹ̀, kò purọ́: oṣù kẹfà ọdún 1978 ni ìjọ náà tó mú ìdènà yẹn kúrò.

Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà, tọkọtaya méjì ti dé! Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀, mẹ́rin péré fún gbogbo Nàìjíríà àti Gánà.

Má wò wọ́n bí arúgbó tí ò níṣẹ́ o. Rendell jẹ́ ọmọ gómìnà, ó sì ti ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Utah rí. Janath sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò igbákejì olórí gbogbo obìnrin ìjọ náà lágbàáyé ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró dè wọ́n ni Anthony Obinna, tíṣà kan ní Ìpínlẹ̀ Imo. Ohun tó mú un dúró? Àlá! Lọ́dún 1965, ẹnì kan tó ga mú un lójú orun wọ ilé ńlá kan tó rẹwà, ilé tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà ogun abẹ́lé, tí kò ṣeé jáde, ó gbé ìwé Reader's Digest ọdún 1958 kan tó ti gbó, ó ṣí i, ilé ọjọ́ àlá ló wà nínú àwòrán! Tẹ́ńpìlì àwọn Mọ́mọ́nì ní Salt Lake City ni. Bàbá kọ lẹ́tà, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Ó tún kọ, ó tún kọ.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1978: ènìyàn 19 wọ odò Ekeonumiri, Obinna ló ṣáájú. Ọjọ́ yẹn kan náà ló di olórí ìjọ, Fidelia ìyàwó rẹ̀ sì di olórí àwọn obìnrin. Ẹni tó bọ́ sódò ti joyè kí ọjọ́ tó parí.

Tọkọtaya méjì yìí lo ọdún kan. Àwọn tó ṣe ìrìbọmi ní Nàìjíríà àti Gánà láàárín ọdún náà tó nǹkan bí 1,700. Bí o bá pín in fún mẹ́rin, ó lé ní 400 fún arúgbó kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ará Cape Coast ní Gánà ṣe ju ti Obinna lọ: kí míṣọ́nnárì kankan tó dé, wọ́n ti gbẹ́ ère Mórónì, áńgẹ́lì tí àwọn Mọ́mọ́nì gbà gbọ́, síwájú ilé ìsìn wọn! Olórí wọn, Joseph William Billy Johnson, rédíò ló fi gbọ́ pé ìdènà ti kúrò: oorun kọ̀, ó tan BBC lóru, ìròyìn sì bọ́ sí i létí.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé Gánà kan náà tún lé wọn? Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, ìjọba ti gbogbo ilé ìsìn Mọ́mọ́nì pa, ó ní kí míṣọ́nnárì òkèèrè kó ẹrù, tèwe tàgbà. Nǹkan bí oṣù 18 ni àwọn ọmọ ìjọ fi ń jọ́sìn nínú pálọ̀ ara wọn, nígbà tí wọ́n sì tún ṣí ilẹ̀kùn lóṣù kọkànlá ọdún 1990, ìjọ ò tíì kú.

Kò sí "títí ikú yóò fi yà wá" nínú ìgbéyàwó tẹ́ńpìlì wọn! Wọ́n gbà pé ọkọ àti aya tí wọ́n bá so pọ̀ níbẹ̀, ti ayé ti ọ̀run ni. Láti ọdún 2005 ni irú tẹ́ńpìlì bẹ́ẹ̀ ti wà ní Àbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọjọ́, ẹ má gba ọ̀nà ibẹ̀.

Ìwé ti Mọ́mọ́nì ti gbọ́ Yorùbá! Ọdún 2007 ni odindi rẹ̀ jáde lédè wa, ọdún méje lẹ́yìn ti Ígbò. Ẹ̀gbọ́n ni Ígbò ṣe fún wa níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà.

Ọdún 1853 mú mi rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì Salt Lake lélẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni tọkọtaya mìíràn, David Hinderer ará Jámánì àti Anna ìyàwó rẹ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ Ìbàdàn. Áńgílíkà ni àwọn, Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí.

Míṣọ́nnárì òyìnbó tó ń ta ẹrù ilé kó lè rówó ra oúnjẹ, o ti rí i rí? Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà Èkó láti ọdún 1860, tí owó ẹyọ tán lápò, ohun tí àwọn Hinderer ṣe nìyẹn.

Lọ́dún 1865, gómìnà Glover rán ọ̀gágun kan láti Èkó kó yọ́ wọ Ìbàdàn wá gbé Anna nínú àwọ̀n ìrọ̀gbọ̀kú. Òru ló wọlé. Nígbà tí ọjọ́ kejì fi mọ́, obìnrin náà ti wà lójú ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́kù láti máa ṣọ́ ìjọ.

Anna kú lọ́dún 1870. Ṣé o rò pé David jókòó sílé? Ó tún wọkọ̀ padà wá, ó gba Leki wọ ilẹ̀ ìlà-oòrùn Yorùbá, òun sì wà lára àwọn tó lànà fún ìjọ ní Òde Oǹdó, ìyẹn ìtòsí Ìdànrè báyìí!

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì Salt Lake, 1853 sí 1893. Inú àfonífojì Little Cottonwood ni wọ́n ti gé àpáta rẹ̀, òkúta kọ̀ọ̀kan wúwo débi pé màlúù ló ń wọ́ ọ.

Níbi àfonífojì yẹn kan náà, wọ́n gbẹ́ inú òkè wọlé! Wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1965: yàrá ńlá-ńlá wà nínú àpáta, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 700 àpáta ló sì dà bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Góòlù ni o rò pé ó wà ńbẹ̀? Orúkọ òkú ni! Mílíọ̀nù méjì ìká fíìmù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ya ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ará Ìdànrè, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n kó orúkọ sínú àpáta, ẹ̀yin kó odindi ìlú sórí rẹ̀: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́ alámọ̀, ibojì, gbogbo rẹ̀ ló wà lókè, àtẹ̀gùn tó lé ní 650 lo sì máa gùn kó o tó rí i. Láti ọdún 2007 ló ti wà lórí ìwé UNESCO pé ó ń dúró kí wọ́n kà á mọ́ ogún ayé.

Kí ni Mọ́mọ́nì fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe? Ìrìbọmi! Alààyè á wọ inú omi ní tẹ́ńpìlì lórúkọ baba ńlá tó ti kú, wọ́n sì ní ọwọ́ òkú ló kù, kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le fún wọn, torí pé orí àgbà ni ìwé wa wà. Wọ́n wá ń rán àwọn tó ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé, Gánà àti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀: wọ́n á jókòó ti bàbá arúgbó lábẹ́ igi, wọ́n á tan ẹ̀rọ, bàbá á sì máa ka orúkọ baba, baba baba, baba baba baba, títí ohùn á fi rẹ̀ ẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Fóònù sílẹ̀, má bi ìyá rẹ, má bi ẹ̀gbọ́n rẹ: ka orúkọ baba baba baba rẹ fún mi. Mo ń gbọ́.