Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Bíríkìlà Ló Bí Ọba Ṣáínà!

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ bíríkìlà ló bí ọba tó pẹ́ jù lórí ìtẹ́ nínú ìran Ming nílẹ̀ Ṣáínà? Ọdún 48 gbáko ni Wanli fi jọba, láti 1572 di 1620!

Li Wei ni bíríkìlà ọ̀hún. Ọmọ-ọ̀dọ̀ lásán ni ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ọmọọba kan. Ní 1563, ó bí ọkùnrin fún un. Ní 1567, ọmọọba gun orí ìtẹ́. Ní 1572, ọba wàjà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 gba adé, ọmọ-ọ̀dọ̀ àná di Ìyá Ọba!

Bíríkìlà ńkọ́? Wọ́n fi í joyè ìlú Wuqing.

Ó ṣì kù o. Ṣé o mọ ẹni tó ń jí ọba yìí? Ìyá rẹ̀ ni! Ní ìdájí ọjọ́ ìpàdé ààfin, á wọlé tọ̀ ọ́: “Ọba, dìde!” Àwọn ìránṣẹ́ á gbé e jókòó, wọ́n á bomi bọ́jú fún un, ó di inú kẹ̀kẹ́ ọba.

Bí ọba kò bá kàwé? Ìkúnlẹ̀ ni, yóò sì pẹ́ níbẹ̀!

Kì í ṣe ọba nìkan ló ń bá wí. Li Wei kó aṣọ òwú tí kò dáa fún àwọn ọmọ ogun. Ìyá Ọba bá a wí kíkankíkan. Bàbá tó bí i lọ́mọ o!

Matteo Ricci, àlùfáà ará Ítálì, gbé aago wá fún Wanli ní 1601. Ìyá ní òun fẹ́ wò ó. Ẹ̀rù ba ọba pé kò ní dá a padà, ló bá ní kí wọ́n tú u kó má lè dún. Ìyá wò ó, kò wù ú, ó dá a padà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Wanli kò fẹ́ fi àkọ́bí rẹ̀ ṣe àrólé. Ó ní ọmọ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Ìyá gbiná: “Ọmọ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ìwọ náà!” Ọba dojú bolẹ̀, kò gbọdọ̀ dìde. Àkọ́bí yẹn ló padà jọba ní 1620.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí owó tán lápò ọba Chongzhen, ọmọ ọmọ Wanli, ó bu 400,000 owó fàdákà lé Li Guorui, àtọmọdọ́mọ bíríkìlà. Guorui wó ilé rẹ̀, ó kó ẹrù ilé sójú títì, ó ń tà á. Ìpayà ló pa á.

Kò pẹ́, ọmọ Chongzhen dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọ náà ní ìyá Wanli, tí wọ́n ti sọ di òrìṣà, ló ń bínú nítorí ẹbí rẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Chongzhen. Ó dá owó padà, ó fi ọmọ Guorui joyè.

Ọmọ ọdún mélòó? Ọdún 7 péré!