Ojú, Ìrántí àti Agbára: Bí A Ṣe Ń Yan Kámẹ́rà fún Iṣẹ́ Ìwádìí

Lára iṣẹ́ tí a máa ń yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni pé kí wọ́n lọ bá àwọn apohùn ní ìlú àti ní abúlé, kí wọ́n sì gba ohùn ẹnu wọn sílẹ̀. Ní ìgbà kan, ìwé àti gègé ni olùwádìí ń mú dání. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù dé. Lónìí, kámẹ́rà dìjítà ni ó gbòde. Ó ń gba ohùn, ó ń ya àwòrán, ó sì ń fi bí apohùn ṣe ń ju apá àti bí àwọn elégbè ṣe ń gbè é hàn wá. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè lemọ́lemọ́ pé: irú kámẹ́rà wo ni ó yẹ kí àwọn rà?

Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ọdẹ tí ó ra ìbọn tí kò ra ẹ̀tù, eré ni ó bá lọ sí inú igbó. Kámẹ́rà dìjítà ní ojú tí ó fi ń ríran, ó ní ìrántí tí ó fi ń pa ohun tí ó rí mọ́, ó sì ní agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, asán ni méjì yòókù. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé yín nínú ìjíròrò yìí ni pé kò yẹ kí ẹ ná gbogbo owó yín sórí ojú, kí ẹ wá fi owó kékeré ra ìrántí àti agbára. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni kámẹ́rà dìjítà?

Nínú kámẹ́rà àtijọ́, orí fíìmù ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, oògùn ni a sì fi ń fọ fíìmù náà kí àwòrán tó jáde. Nínú kámẹ́rà dìjítà, awo kékeré kan tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni ó rọ́pò fíìmù. Ojú-àmì tín-ín-tìn-ìn-tín ni ó kún orí awo yìí, píksẹ́lì ni a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e, kámẹ́rà a sì sọ ìwọ̀n náà di òǹkà. Àkójọ òǹkà wọ̀nyí ni ó di àwòrán.

Ní ọdún 1969 ni Willard Boyle àti George Smith, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, gbé irú awo bẹ́ẹ̀ kan jáde, èyí tí a mọ̀ sí CCD. Iṣẹ́ náà ni ó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009. Ní ọdún 1975, Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak, kan kámẹ́rà dìjítà àkọ́kọ́. Ó wúwo tó kílógíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀, píksẹ́lì 10,000 péré ni ó sì ní. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó ń gbà á kí ó tó kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, bátìrì 16 ni ó sì ń fún un ní agbára. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ojú, ìrántí àti agbára ti jọ ń rìn pọ̀: awo CCD ni ojú, kásẹ́ẹ̀tì ni ìrántí, bátìrì ni agbára.

(i) Ojú

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ontajà máa ń tẹnu mọ́ jù lọ ni mẹ́gápíksẹ́lì, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù kan píksẹ́lì. Wọn a ní 48 dára ju 24 lọ, àti pé 24 dára ju 12 lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá fẹ́ tẹ àwòrán tí yóò kún ojú ìwé A4, tí yóò sì mọ́ gaara ní ìwọ̀n àmì 300 nínú íǹṣì kan, 2,480 lọ́nà 3,508 ni a nílò, ìyẹn kò sì pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Àwòrán fídíò tí a ń pè ní Full HD jẹ́ 1,920 lọ́nà 1,080, èyí tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Fídíò 4K pàápàá, 3,840 lọ́nà 2,160, kò ju mílíọ̀nù mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kámẹ́rà tí ó ní mẹ́gápíksẹ́lì 12 ti tó fún iṣẹ́ wa, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè ni bí awo inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí a bá gbé ife àti ọpọ́n sí abẹ́ òjò kan náà, ọpọ́n ni yóò gba omi jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awo ńlá ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ju awo kékeré lọ. Awo inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré alápò kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ́nà 4.6 lọ. Ti àwọn kámẹ́rà tí a ń pè ní full frame jẹ́ mìlímítà 36 lọ́nà 24, bí ojú fíìmù àtijọ́. Ó fẹ̀ ju ti kékeré náà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Èyí tí ó wà láàárín, tí a ń pè ní APS-C, jẹ́ nǹkan bíi 23.5 lọ́nà 15.6, owó rẹ̀ kò sì ga tó ti ńlá. Òru ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ọdún ìbílẹ̀, inú ìyẹ̀wù tí kò ní fèrèsé púpọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń gbàlejò. Ibẹ̀ ni awo kékeré ti ń sé wa mọ́lé: àwòrán a ṣú, a sì máa rí jàgàjàgà.

Ohun kejì ni ohùn, èyí tí àwọn tí ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ìró bàtá àti dùndún bá bo ẹnu apohùn mọ́lẹ̀, kí ni a óò fi da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ? Ẹ yan kámẹ́rà tí ó ní ihò tí a lè ki máìkì bọ̀ láti ìta, kí ó sì ní ihò tí a lè fi gbọ́ ohùn bí ó ti ń wọlé.

Ẹ̀kẹta ni bí kámẹ́rà yóò ṣe máa gba fídíò pẹ́ tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ díẹ̀, tí wọ́n ṣì ń tà ní tòkunbọ̀, ni ó máa ń dá dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Ohun tí ó fà á ni pé, nígbà náà, owó orí ọjà tí ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbà lórí kámẹ́rà tí ó ń gba fídíò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ga ju ti èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú babaláwo tí ó ń kì lọ, kí kámẹ́rà sì ti dákẹ́.

(ii) Ìrántí

Káàdì kékeré tí a ń kì bọ inú kámẹ́rà ni ìrántí rẹ̀. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó dá irú ìrántí yìí sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba láàárín ọdún 1980 sí 1989. Kò nílò iná kí ó tó lè pa nǹkan mọ́. Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Matsushita, SanDisk àti Toshiba, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, tí wọ́n sì gbé káàdì SD jáde.

Orúkọ mẹ́ta ni ẹ óò máa rí lára rẹ̀. SD lásán kò gbà ju 2 GB lọ. SDHC, tí ó dé ní ọdún 2006, ń gbà dé 32 GB. SDXC, tí ó dé ní ọdún 2009, ń gbà ju ìyẹn lọ. Kámẹ́rà tuntun ń ka ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà àtijọ́ lè má ka tuntun. Ẹ wo inú ìwé ìlànà kámẹ́rà yín kí ẹ tó san owó.

Lẹ́yìn èyí ni ìyára. Òǹkà gàgàrà tí wọ́n ń kọ síwájú káàdì sábà máa ń jẹ́ ti ìyára tí ó ga jù tí a fi ń kà á, kì í ṣe ti ìyára tí a fi ń kọ nǹkan sí i. Àmì kékeré ni kí ẹ wá. Òǹkà 10 tí ó wà nínú lẹ́tà C túmọ̀ sí pé káàdì náà kò ní kọ ohun tí ó dín ní mẹ́gábáìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. V30 túmọ̀ sí 30, V60 túmọ̀ sí 60. Bí káàdì bá lọ́ra jù, fídíò yóò já ní àárín.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó? Kámẹ́rà tí ó ń kọ mẹ́gábíìtì 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún Full HD yóò lo nǹkan bíi 12.6 GB ní wákàtí kan. Èyí tí ó ń kọ 100 fún 4K yóò lo 45 GB. Ẹni tí yóò gba wákàtí méjì sílẹ̀ lè fi òǹkà yìí ṣe ìṣirò ara rẹ̀.

Ewu tí ó burú jù lọ ni ayédèrú káàdì. Àwọn oníjìbìtì a mú káàdì tí kò gbà ju 8 GB lọ, wọn a yí ohun tí ó ń sọ nípa ara rẹ̀ padà, wọn a sì kọ 128 GB sí i lára. Kámẹ́rà yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, yóò sì máa kọ lọ. Bí 8 GB bá ti kún, ohun tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sọnù, tàbí kí ó pa ti ìṣáájú rẹ́. Inú ilé, níwájú kọ̀ǹpútà, ni olùwádìí yóò ti mọ̀. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹ ra káàdì lọ́wọ́ ontajà tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ sí oko ìwádìí. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní H2testw, tàbí F3 fún àwọn tí ń lo Linux àti Mac, yóò kọ nǹkan kún un dẹ́nu, yóò sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé.

(iii) Agbára

Oríṣi bátìrì méjì tí ó ṣeé fi iná sí padà ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni lítíọ́mù, tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ tà ní ọjà ní ọdún 1991. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀, kò sì sí ní ìsọ̀ abúlé. Èkejì ni NiMH, tí ó rí bíi bátìrì AA tí a ń fi sí tọ́ọ̀ṣì. Àwọn kámẹ́rà kan, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ń lò ó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí iná bá tán nínú rẹ̀, a lè ra bátìrì AA lásán fi dípò. Ní ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ Sanyo gbé Eneloop jáde, NiMH tí agbára rẹ̀ kì í tètè jò dànù bí a bá gbé e kalẹ̀. Irú èyí ni kí ẹ wá. Bátìrì AA oní-NiMH tí ó dára sábà máa ń wà láàárín 1,900 sí 2,700 mAh. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 5,000 sí lára, irọ́ ni.

Àwọn àgbà oníkámẹ́rà máa ń sọ pé kí a jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá kí a tó fi iná sí i. Bátìrì nickel-cadmium ti àtijọ́ ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún. Ó ń ba lítíọ́mù jẹ́ ni. Ẹ má ṣe fi lítíọ́mù sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ fi iná sí i dé ìdajì, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ó tutù. Èyí tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe lò ó mọ́.

Bí ó ṣe yẹ kí a ná owó

Bí owó yín bá tó ra kámẹ́rà olówó gọbọi kan láìsí nǹkan mìíràn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní àkàsọ̀ kan. Ẹ ra èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi ìyókù ra káàdì gidi méjì, bátìrì méjì tàbí mẹ́ta, àti máìkì kan. Káàdì 64 GB méjì sàn ju 128 GB kan ṣoṣo lọ, nítorí pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, iṣẹ́ kò ní parẹ́ tán. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ gba ohùn náà, ẹ da á kọ sí ibi méjì. Ẹ má ṣe nu káàdì kí ẹ tó rí i pé ibi méjèèjì pé. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì nù ún, ẹ má ṣe ya ohunkóhun sí i mọ́, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà wà tí ó lè ṣàwárí ohun tí a nù, bí nǹkan mìíràn kò bá tíì bò ó.

Ẹni tí ó ya àwòrán ilé tàbí òkè lè padà lọ yà á lọ́la. Ti ohùn ẹnu kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé apohùn kì í pohùn lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Ẹni tí ó wà níjòókòó, inú tí ó dùn tàbí tí ó bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá sì padà dé, a lè má bá àgbà náà láyé mọ́. Ohun tí káàdì ayédèrú gbé mì kò ní òmíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè bẹ bátìrì tí ó kú ní agbede ìjálá pé kí ó dá ọ̀rọ̀ padà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti dán ojú wò, ẹ ti dán ìrántí wò, ẹ sì ti fi agbára kún agbára.